Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ẹní

Òórùn láfún ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ, ọ̀rẹ́ mi, kí n má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé tí a fi ṣe ọ́fíìsì, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí àwọn obìnrin abúlé máa ń sá láfún sí. Bí oòrùn bá ti mú, òórùn kíkan yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á wá bá wa jókòó bí ẹni tí a jọ ń gba owó oṣù. Ilé náà fúnra ẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ ni, bí òjò bá sì rọ̀, ara ògiri á tún máa rùn bíi kòkó. Nínú yàrá kékeré tó wà ní igun, níbi tí bátìrì sólà àti fáànù kan wà, ibẹ̀ ni sáfà wà: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń kó nǹkan pamọ́ sí. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Injíníà ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ gidi gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò sí yunifásítì kankan tó fi mí joyè injíníà.

Abúlé náà kò jìnnà sí Mọ́níyà. Ajíbọ́dè ni mo gba yàrá sí nígbà yẹn, ọ̀kadà ló ń gbé mi débẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀gá wa, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀: ká máa gba ohùn àwọn àgbàlagbà àwọn abúlé agbègbè Akínyẹlé sílẹ̀, ìtàn wọn, orin wọn, oríkì ilé wọn. Ẹni tó ń gba ohùn náà jù nínú wa ni obìnrin kan tó jẹ́ ìyàwó ilé ní abúlé yẹn gan-an. Á tó ẹni ogójì ọdún, Àǹtí ni mò ń pè é. Bó bá jókòó ti arúgbó, tó gbé ẹ̀rọ kékeré sáàárín wọn, tó ní, "Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," arúgbó tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ títí àwọn ọmọ ẹ̀ á fi máa wo ara wọn lójú.

Mo ti ṣètò ẹ̀ pé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí sáfà máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí díìsìkì kékeré kan tí mo kì bọ ẹ̀yìn ẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á wà. Ètò náà dáa. Ẹni tó ṣe é ni kò dáa. Díìsìkì yẹn gba nǹkan púpọ̀, èmi náà sì fẹ́ràn fíìmù. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo yọ ọ́, mo jù ú sínú báàgì, mo gbé e lọ sí Ajíbọ́dè láti fi gba fíìmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ní ọjọ́ Ajé ni n ó dá a padà. Ọjọ́ Ajé kọjá, òmíràn dé, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. O mọ bí "lọ́la ni" ṣe máa ń rí.

Ohun tí mi ò rò nìyí. Sáfà ní ẹnu ọ̀nà kan tó yà sọ́tọ̀ fún díìsìkì yẹn. Bí díìsìkì bá wà níbẹ̀, ohunkóhun tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, orí díìsìkì ló ń bọ́ sí. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣì wà, àmọ́ inú sáfà fúnra ẹ̀ ni nǹkan ń bọ́ sí. Èmi Injíníà kò kọ ọ́ sínú àṣẹ tí mo pa fún un pé kó kọ́kọ́ wò ó bóyá díìsìkì wà nílé. Torí náà, ní gbogbo aago mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sáfà ń ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀ sínú ara ẹ̀, tuntun lójoojúmọ́, èmi sì nà sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ajíbọ́dè, mò ń wo fíìmù, mò ń jẹ ẹ̀pà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bí mo ṣe ń wọlé báyìí ni Ọ̀gá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Injíníà, ẹ̀rọ rẹ ní òun ò gba nǹkan mọ́ o. Àlejò wa sì ń bọ̀ láago méjìlá." Àwọn àlejò yẹn, àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni, wọ́n sì fẹ́ fojú ara wọn rí bí a ṣe ń tọ́jú ohùn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe, kì í ṣe pé mo wo ohun tó ń ṣe sáfà o. Ọpẹ́lọpẹ́ pé díìsìkì ṣì wà nínú báàgì mi, mo sáré kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀ kí Ọ̀gá má baà rí i pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bo àṣírí ara mi tán ni mo wá jókòó láti wá ohun tó jẹ àyè.

Sáfà ní òun ti kún dé ẹnu. Mo wo gbogbo fódà tí a ń kó ohùn sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ro bí wọ́n ṣe tóbi tó pọ̀, kò ju ìdajì lọ. Mo tún un rò, ìdajì náà ni. Ó dà bí ìgbà tí o ra àpò gàrí tó kún, tí o wá dà á jáde tí ohun tó jáde ò ju ìlàjì àpò lọ. Ìwọ náà tí o mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, kí n béèrè pé ìdajì yòókù dà. Mi ò béèrè. Aago ń lọ, àlejò ń bọ̀, Ọ̀gá ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Ní ọ́fíìsì wa, bí a ṣe ń sọ fódà lórúkọ ni pé orúkọ abúlé á ṣáájú, kó tó kan orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó. Àǹtí ló kó wọn síbẹ̀, wọ́n sì tóbi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Háà, Àǹtí yìí! Àṣé fíìmù ló ń rọ́ síbí." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ díìsìkì tó kún fún fíìmù nínú báàgì! Àǹtí ò sí nítòsí, ó ti lọ gba ohùn ní abúlé kejì, àmọ́ fóònù ẹ̀ ń lọ. Mi ò pè é. Mi ò ṣí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Mo pa wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àyè yọ díẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan, àlejò dé, inú wọn dùn. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní, "O káre, ọmọ mi." Ìdajì tó sọnù yẹn, mo ní n ó wò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ní mi ò mọ̀. Ìyá mi tí wọ́n fẹ́ wọ agbo ilé kan ní Lágelú, kò pe àbúrò bàbá mi lórúkọ rí títí ilẹ̀ fi gbà á. Akọ̀wé ló ń pè é, torí pé ó lọ ilé ìwé. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ó kéré ni o, ó dàgbà ni o. Á wò ó, á wá ohun tó dáa lára ẹ̀, á sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àǹtí ti gba ohùn kiri gbogbo abúlé, ó ń kọ orúkọ gbogbo wọn bí Ọ̀gá ṣe là á sílẹ̀. Ìgbà tó kan ilé ọkọ ẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ kọ̀, kò lè tẹ orúkọ àwọn èèyàn ọkọ ẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbàgbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó fi ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ló kọ. Èmi ọmọ ìyá mi wá kà á, mo ní fíìmù ni.

Eyínfúnjowó, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àǹtí lóbìnrin ni. Ọkọ tirẹ̀ ti kú, ó ti padà sílé bàbá ẹ̀, òun nìkan ló sì kù láyé tó mọ oríkì ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ìyàwó ló máa ń fi í kí ọmọ ilé láàárọ̀, ní ọjọ́ ìkómọ, ní ọjọ́ tí ẹni tó rìnnà jìnnà bá dé. Àǹtí ti ń kọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́, kò tíì mọ̀ ju ìwọ̀nba lọ. Àfi Ọjọ́rú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí, tí ìyá náà gbà láti kì í tán pátá síwájú ẹ̀rọ. Ó lé ní wákàtí kan.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Eyínfúnjowó kírun àsùbáà tán, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí wọ ọ́fíìsì wá, ojú ẹ̀ wú. "Injíníà, ẹ bá mi yọ ohùn Eyínfúnjowó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó kú yẹn ni. Wọ́n fẹ́ gbọ́ oríkì ilé lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ yín."

Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ bọ́tìnnì kiri, mò ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, mo sì mọ ẹni tó sọ ọ́ nù. Nígbà tó yá, mo ní, "Àǹtí, mi ò rí i o." Ó ní kí ló lè fà á. Mo ní bóyá iná ni. Iná! Lójú sólà àti bátìrì! Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó wá ní, "Àbí èmi ni mo ṣì í tẹ̀? Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn." Ọ̀rẹ́ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi láìmọ̀, mo sì gba ibẹ̀ sá lọ. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà." Mo ti parọ́ rí láyé mi, mi ò ní tàn ẹ́. Àmọ́ kò sí irọ́ tó wúwo lẹ́nu mi tó gbólóhùn kékeré yẹn.

Mo bá Ọ̀gá lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ta tapólì sójúde, àwọn àáfà ṣe wáàsí, wọ́n ṣàdúà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì fún mi ni bàbá tó dàgbà jù nílé béèrè pé, "Ìyàwó wa, ohùn tó o ní o gbà sílẹ̀ ńkọ́?" Àǹtí kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo ṣì í tẹ̀, ó ti sọnù." Bàbá mi orí. Ìyàwó ilé kan tó wà lẹ́yìn pòṣé, ó ní, "Ká ní ó jẹ́ ká fẹnu kọ́ ọ ni, àwa náà ì bá ti mọ̀ ọ́n." Ẹnu tó yẹ kí n fi sọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi nìkan padà sí ọ́fíìsì lójú oòrùn ọ̀sán. Mo gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n tí a fi ń jí ohun tí a ti pa rẹ́ dìde, kò ṣiṣẹ́, torí pé ohùn tuntun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gun orí àyè ibẹ̀. Mo káwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìdajì tó sọnù yẹn wá sọ́kàn mi. Àyè yẹn, ta ló jókòó síbẹ̀? Mo dìde, mo yọ díìsìkì kúrò lẹ́yìn sáfà, mo wá wo ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó ṣófo. Ẹ̀dà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọjọ́ kan lórí ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Díìsìkì tí mo sáré kì bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ló bò wọ́n mọ́lẹ̀, bí ẹni tó tẹ́ ẹní lé kọ́kọ́rọ́ lórí tó wá ń tú gbogbo ilé wá kọ́kọ́rọ́. Mo lọgun, obìnrin tó ń yí láfún lóde ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, mà, ayọ̀ ni.

Akọ̀wé wà níbẹ̀, ó pé. Ìbàdíàrán pé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Àǹtí ti gba tiwọn. Eyínfúnjowó nìkan, tó jẹ́ pé Ọjọ́rú tó kẹ́yìn ni ó gba tirẹ̀, ẹ̀dà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ló lè wà. Ó wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá àgbà, mo gbọ́ tó ní, "Ìyàwó, ṣé ìyẹn ti ń gbọ́ mi?" Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀ dùn, kò kánjú, ó ń lọ, ó ń lọ, mo ti ń sunkún láìmọ̀, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dé ibi tó ti ní, "Ọmọ ajírìn-nínú-ìrì, ọmọ agbinkòkó-gbinobì, ọmọ..." Ó gé. Mo tún un tẹ̀. Ó gé níbẹ̀ náà. Bí sáfà ṣe ń ṣe ẹ̀dà ohùn yẹn lọ́wọ́ ló kún, kò rí àyè gbé ọ̀rọ̀ tó kàn sí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo rí. Èyí tó kù, èmi ni mo pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo gbé e fún Àǹtí lọ́jọ́ Ajé. Mo ní mo wá a títí, mo rí díẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, òun ló fi burú. Obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Injíníà, ohun tiyín náà kò ní sọnù." Lọ́jọ́ ogójì, wọ́n gbọ́ ohùn náà lójúde. Nígbà tó dé "ọmọ", ó gé. Bàbá ní, "Ibi tí Ọlọ́run ní kó mọ nìyẹn." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run ni wọ́n di ẹrù mi lé lórí, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀. Wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n fún mi ní àgbébọ̀ adìẹ kan. Mo gbà á. Mo sè é. Mo jẹ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi.

N kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá iṣẹ́ sí Adégbàyí, mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí Ọ̀gá. Bí mo ṣe ń kọjá lójúde ilé Àǹtí, mo rí i tó jókòó, ó ń bẹ gbáàgúdá, àwọn ọmọ kéékèèké bíi méje tò síwájú ẹ̀, wọ́n ń ki oríkì ilé. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé ibi tí ìyá àgbà ti mí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. "Ọmọ ajírìn-nínú-ìrì, ọmọ agbinkòkó-gbinobì, ọmọ." Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n sì sáré lọ ṣeré. Ó ti tán, lójú tiwọn.

Mi ò lè kọjá. Mo jókòó sórí ìtì igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: díìsìkì tí mo gbé lọ, fíìmù, fódà mẹ́rin, iná tí kò ṣe nǹkan kan, àti "ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀" tí mo sọ. Ó ń bẹ gbáàgúdá ẹ̀ lọ títí mo fi sọ ọ́ tán. Mo ń retí èpè. Mo tiẹ̀ ń fẹ́ èpè.

Ó ní, "Kí ẹ tó pa á rẹ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Rárá, mà."

"Ẹ ò gbọ́ díẹ̀?"

"Mi ò ṣí i rárá."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ká ní ẹ gbọ́ ọ ni, ǹ bá ní kí ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ bá rántí fún mi." Kò bú mi, kò sì ní òun dárí jì mí. Ó mú gbáàgúdá mìíràn.

Láti ọjọ́ náà, n kì í pa ohun oníbàárà rẹ́ láìṣí i wò, láìpe ẹni tó ni ín. Àwọn kan ní mo ń fi iṣẹ́ falẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìyẹn ò tún nǹkan kan ṣe nílé Àǹtí. Àwọn ọmọ yẹn á dàgbà, wọ́n á kọ́ ọmọ tiwọn, wọ́n á sì máa dúró síbẹ̀, wọ́n á ní bí àwọn bàbá àwọn ṣe ń kì í nìyẹn. Àǹtí mọ̀ pé kò parí síbẹ̀. Èmi mọ̀. Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí. Ọmọ ta ni wọ́n? Ìyá àgbà ti sọ ọ́ ní Ọjọ́rú yẹn, ó sọ ọ́ tán pátá. Èmi ni mi ò gbọ́.